Ẹni Tí Ó Rán Ni Níṣẹ́: Owó Ìrànwọ́ fún Ẹ̀kọ́ àti Iṣẹ́ ní Òkè Òkun



Àwọn baba wa ní, ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Gbogbo wa ni a máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún ẹni tí a rán. Ṣùgbọ́n bí ó ti fi ẹ̀rù sí ọkàn ẹni tí a rán, bẹ́ẹ̀ náà ni ó gbé ẹrù lé orí ẹni tí ó rán an. Bí a bá rán akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ Yunifásítì lọ sí òkè òkun, ohun mẹ́ta ni a jẹ ẹ́: owó àlọ, owó oúnjẹ títí iṣẹ́ yóò fi parí, àti àyè àbọ̀. Èrò mi lónìí ni pé ti àkọ́kọ́ ni ó máa ń yá wa lára, àwọn méjì ìyókù ni a sì ń gbàgbé.

1. Ilé tí a kọ́ fún àlejò

Ibi tí a jókòó sí yìí yẹ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ayé owó epo rọ̀bì ni Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ Festac Town, kí àwọn àlejò tí ó wá sí Àjọ̀dún Kejì Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà Àwọn Ènìyàn Dúdú lè rí ibi wọ̀ sí. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977 ni àjọ̀dún náà bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Kì í ṣe ìlù àti ijó nìkan ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé pé jọ, wọ́n jíròrò lórí ọ̀làjú ènìyàn dúdú àti ètò ẹ̀kọ́. Nígbà tí àwọn àlejò padà sílé, gègé ni a ṣẹ́ láti pín ilé fún àwọn ọmọ Nàìjíríà.

Ní sáà kan náà, owó epo yìí náà ni Ìjọba fi ń rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà náà, náírà kan níye lórí ju dọ́là kan lọ. Ilé tí a kọ́ dúró títí di òní. Náírà ni kò dúró. Láti ọdún 1986, tí Ìjọba ti yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà, ni ó ti ń wọ́lẹ̀. Ní ọdún 2024, ó ju 1,500 náírà lọ kí a tó rí dọ́là kan rà. Òbí àdúgbò yìí tí ó ń fi èrè ọjà san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun mọ ìtumọ̀ ìṣirò yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọdún 2024 yìí kan náà ni Yunifásítì Teesside ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan kúrò nínú ìwé nítorí pé owó tí wọ́n kó jọ kò tó san gbèsè mọ́. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀wé. Owó ni ó já wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

2. Àwọn tí a rán, tí wọ́n sì jíṣẹ́

Ìrìnàjò ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Ní ọdún 1855, ilé-iṣẹ́ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Sàró lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wà nínú wọn; James Africanus Horton, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Aláìsàn ni ẹnì kẹta fi padà sílé, kò sì pẹ́ tí ó fi kú. Àwọn méjèèjì yìí gba oyè, wọ́n padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iṣẹ́ sì ń dúró dè wọ́n nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Àwọn tí ó rán wọn san ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1902, nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣètò àwọn dókítà rẹ̀ ní apá ibí yìí, wọ́n fi òfin ti ilẹ̀kùn mọ́ dókítà ènìyàn dúdú. Ẹni tí ó bá kọ́ ìṣègùn dé lẹ́yìn náà bá ilẹ̀kùn ní títì.

Nígbà tí ìjọba kò ṣe tó, àwọn ará ìlú dìde. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ìbíbíò dá owó jọ, wọ́n sì rán ọ̀dọ́ mẹ́fà lọ sí òkè òkun. Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ fún ọ̀dọ́ Yorùbá wà lára èrò wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ wá sí ìdí iṣẹ́ tiwa, iṣẹ́ lítíréṣọ̀. Fágúnwà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi èdè Yorùbá jíṣẹ́ ohun tí ó rí nínú Ìrìnàjò, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní ọdún 1949. Ayọ̀ Bámgbóṣé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Edinburgh lórí gírámà Yorùbá. Ó padà sí Ìbàdàn. Adébóyè Babalọlá gba tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ìjálá, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1966. Yunifásítì Èkó ni ó ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọdún 1971, Wándé Abímbọ́lá gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Yunifásítì Èkó yìí gan-an. Ẹ wo bí ó ti yá tó! Láàárín ọdún mẹ́wàá, ohun tí à ń rékọjá òkun lọ kọ́ ti di ohun tí à ń kọ́ nílé. Èyí ni èrè owó ìrànwọ́: ó ń sọ ìrìnàjò náà di ohun tí ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè má nílò mọ́.

3. Ibi tí okùn ti já

Ní ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé òun ti fòpin sí ètò tí ó fi ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilẹ̀ tí ó bá wa ṣe àdéhùn ẹ̀kọ́, bíi Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti Mòrókò. Kí ìkéde náà tó jáde ni àwọn tí ó wà níbẹ̀ ti ń ké pé owó oúnjẹ àwọn kò dé, pé wọ́n sì dín in kù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn kan náà, TETFund, àjọ tí ń ná owó tí à ń gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fún ètò ẹ̀kọ́ gíga, dá owó tí ó fi ń rán àwọn olùkọ́ lọ sí òkè òkun dúró.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu Ìjọba náà. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ kọ́ lóhùn-ún wà nílé, pé owó tí ẹnì kan ń ná lóhùn-ún tó ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé. Wọ́n ní àwọn olùkọ́ kan kò padà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, tí ó jẹ owó ìlú tán, tí ó sì wá jápa, ó da ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó sì ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ọmọ kan fọ́ kèrègbè kí a má rán ọmọ lódò mọ́. Ẹ sì jẹ́ kí a bi ara wa: ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé dé, tí kò bá yàrá ìṣèwádìí, tí kò bá iná, tí owó oṣù rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀, kí ni a fi pè é wálé?

4. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Mo dábàá ohun mẹ́rin. Èkíní, kí a má rán ju iye ènìyàn tí a lè bọ́ dé òpin lọ. Kí a rí owó ọdún gbogbo kí ẹnikẹ́ni tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Èkejì, kí a ṣírò owó náà ní owó ilẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun, kí wíwó náírà má baà di ẹrù ọmọ tí kò wó o. Ẹ̀kẹta, kí Yunifásítì tí ó rán olùkọ́ kọ orúkọ iṣẹ́ àti ohun èlò tí yóò bá nílé sínú ìwé àdéhùn kan náà tí olùkọ́ fi ṣèlérí àbọ̀. Kí ẹni tí kò bá padà sì dá owó padà, òun tàbí onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí a dá ìrànwọ́ fún ìrìnàjò kúkúrú sílẹ̀, oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, fún olùkọ́ tí ń ṣe oyè rẹ̀ nílé, kí ó lè lo ohun èlò tí a kò ní, kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn tí a ti rán kí a tó ti ilẹ̀kùn ńkọ́? Gbèsè tiwọn kọ́kọ́ ni kí a san. Ẹni tí ó rán ọmọ lọ sí oko tí kò fún un ní oúnjẹ kò lè bínú bí ọmọ bá sùn sí abúlé ẹlòmíràn.

 Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn tí a rán jíṣẹ́, kí ó sì jẹ́ kí àwa tí a rán wọn tó bẹ̀rù.