Ta Ló Mọ Ibi tí Màmá Ń Lọ?

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà, tí wọ́n ń jáde nílé tí wọn ò mọ ọ̀nà àbọ̀, ni mo gbé wá síwájú ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá.

Atlanta tí a jókòó sí yìí mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ní 2004, ìyá kan tó ń jẹ́ Mattie Moore, tó ní àrùn Alzheimer, jáde nílé rẹ̀ ní ìlú yìí, kò sì wọlé mọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí wọ́n tó rí òkú rẹ̀, níbi tí kò jìnnà sílé. Ikú rẹ̀ ló bí Mattie's Call, òfin ìkéde àwọn àgbà tó sọnù, tí ìpínlẹ̀ Georgia ṣe ní 2006. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ń pe tiwọn ní Silver Alert. Bí ẹ bá rí i lójú pátákó iná ní márosẹ̀ pé wọ́n ń wá àgbàlagbà kan nínú mọ́tò báyìí-báyìí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Òfin wà. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ò lè kéde ẹni tí a kò sọ fún wọn pé ó sọnù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá.

Lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń ṣe, mo ti rí bí a ṣe ń fi àìsàn yìí pamọ́. Àlejò dé, a ní ó rẹ màmá díẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ fẹ́ wá kí wọn, a ní wọ́n ń sùn. À ń bẹ̀rù pé àwọn èèyàn á ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Ẹ̀rù kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ síta: màmá wá bá wa tọ́mọ, físà ti kú, ta ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pe ọlọ́pàá wálé? Mi ò ní sọ pé ẹ̀rù yẹn ò nídìí. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ nísinsìnyí tí màmá ṣì jókòó sílé, nítorí òtútù kì í béèrè físà.

Ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ Alzheimer's Association ni pé bí ẹ bá ti wá a fún ìṣẹ́jú 15 tí ẹ ò rí i, kí ẹ pe 911. Àwọn kan ṣì gbà pé ó dìgbà tó bá pé wákàtí 24. Irọ́ ni. Ẹgbẹ́ yẹn kan náà ló sọ pé bí wákàtí 24 bá kọjá láìrí ẹni náà, ó lè tó ìdajì irú wọn tó máa fara gbọgbẹ́ gan-an tàbí kú.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àrùn òyìnbó ni. Láti 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ti Indiana, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ àwọn àgbà ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ọ̀ṣúntókun ti kú kí èsì tó jáde ní 2001: nínú 100 àgbà, àrùn ìgbàgbé ń mú 1.35 lọ́dún ní Ìdíkàn, ó ń mú 3.24 ní Indianapolis. Ó kéré lọ́hùn-ún, àmọ́ ó wà. Èmi ò sì rí ẹ̀rí kankan pé ẹni tó ti ń jẹ bọ́gà láti ogún ọdún ṣì lè gbára lé ìṣirò Ìdíkàn.

Ohun tí Ìdíkàn ní tí a ò ní ni ojú. Ìyá kan ṣìnà níbẹ̀, alákàrà mọ ọmọ rẹ̀, á ní kí ẹnìkan fà á lọ́wọ́ wálé. Níbí, ilé gbogbo jọra, ilẹ̀kùn gbogbo tì. A máa ń sọ pé abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n àrùn yìí kì í jẹ́ kí èèyàn béèrè. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ wíwá ẹni tó sọnù sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á máa rìn lọ títí nǹkan á fi dá a dúró, ìbáà jẹ́ igbó, ìbáà jẹ́ odò. Kì í kígbe. Bí a bá pè é pàápàá, ó lè má dáhùn. Nítorí náà, ẹ̀yìnkùlé, abẹ́ igi àti etí omi tó súnmọ́ ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wa mọ́tò lọ sọ́nà jíjìn.

Àwọn ará Britain ní fọ́ọ̀mù kan tí mo fẹ́ràn, Herbert Protocol. Orúkọ George Herbert ni wọ́n fi sọ ọ́, sójà tó jagun ní Normandy, tí àrùn ìgbàgbé mú, tó sì kú níbi tó ti ń wá ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè ibi tí ẹni náà ti gbé rí, iṣẹ́ tó ṣe, ibi tó fẹ́ràn. Ẹ ò rí i pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í kàn rìn kiri lásán? Màmá tó jí láago mẹ́rin òru tó ń wá ilẹ̀kùn, ó lè jẹ́ pé ọjà Bódìjà ló ń lọ. Bàbá tó fi ọgbọ̀n ọdún wakọ̀, gáréèjì ló ń wá.

Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá Georgia bí kì í bá ṣe àwa? Wọ́n á máa pe “Mrs.” àti orúkọ bàbá tó ti kú, nígbà tó jẹ́ pé Àjíkẹ́ nìkan ló kù tí màmá mọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Mo ti rí ìyá tí kò gbójú sókè láti àárọ̀ tó gbójú sókè nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi oríkì kí i. Òmíràn, Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá, Yorùbá tó já gaara ló ń sọ, ẹni tí kò gbọ́ èdè wa á rò pé ìsọkúsọ ni. Bó bá sì jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè wọ sùtánà láìwọ bàtà, kí wọ́n má baà máa wá ẹni tó wọ bàtà kiri.

Ó tún yẹ kí nǹkan ìdánimọ̀ wà lára wọn. Ẹ̀gbà ọwọ́ tó ní nọ́ńbà fóònù dára, èyí tó ń fi àmì rédíò ránṣẹ́ kí wọ́n lè tọpa ẹni náà, bí ti Project Lifesaver, tó bẹ̀rẹ̀ ní Chesapeake ní 1999, tún dára sí i. Fóònù alágbèéká ò já mọ́ nǹkan. Orí tábìlì ni wọ́n máa fi í sílẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò pọ̀. Ẹ yan èèyàn díẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n lè dìde lóru, lọ dúró ti ọlọ́pàá, kí wọ́n sì máa fi Yorùbá pe ẹni tó sọnù. WhatsApp wa tó ń pín àsọtẹ́lẹ̀ àti agbo ìtọ̀ ṣúgà kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ jẹ́ kó gbé àwòrán màmá náà, kí ẹ sì pa á rẹ́ gbàrà tí wọ́n bá rí wọn. Lọ́dún yìí, mo ti bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fi irú fọ́ọ̀mù Herbert yẹn kún ike àti agbòjò tí a máa ń pín níbi àpéjọ wa. Ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́ á bá ẹni tó gbàgbé awò ojú rẹ̀ kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé.