Kọ́kọ́rọ́ Ilé Kì Í Gbé Ọwọ́ Àlejò



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi ọgbọ́n ta ọmọ ènìyàn lọ́rẹ. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wá kàwé ní Ìbògún, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ó wà nínú àpò aṣọ, ó wà lórí tábìlì pálọ̀, ó sì ń sùn lábẹ́ ìrọ̀rí lóru. Ọ̀rọ̀ nípa fóònù, kọ̀ǹpútà, àti àwọn ohun tí à ń gbọ́ tí a sì ń wò nínú ilé ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dá lé lórí: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ilé wà?

Àpótí kásẹ́ẹ̀tì

Kí fóònù GSM tó dé sí Nàìjíríà ní ọdún 2001, inú kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń kó ohùn sí. Wáàsí inú oṣù Ramadan wà níbẹ̀, ìsọmọlórúkọ wà níbẹ̀, ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn bàbá àgbà tí ń ka ìtàn ìdílé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bí rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì bá bàjẹ́, atúnrédíò ní Ifọ̀ yóò tú ẹ̀yìn rẹ̀, yóò wo inú rẹ̀, yóò sì pààrọ̀ rọ́bà tí ó já. Kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é ní ilẹ̀ Japan. Ẹni tí ó ra rédíò ni ó ni rédíò.

Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ń kú díẹ̀díẹ̀. Ooru ń bá a jà, ọ̀rinrin ń bá a jà, ara rẹ̀ a sì máa hu funfun nínú àpótí. Ní ọjọ́ tí ohùn inú rẹ̀ bá parẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ni ohùn náà ti wà nínú sàréè. Kò sí owó tí a lè fi rà á padà.

Ọ̀nà láti gbà á là kò le, kò sì wọ́n. Kí a kọ́kọ́ yí kásẹ́ẹ̀tì náà síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan kí ó lè tú. Kí a fi òwú àti sípíríìtì nu orí irin kékeré tí ń ka kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò. Lẹ́yìn náà, kí a fi wáyà kan so ihò tí a ń ki wáyà etí bọ̀ lára rédíò pọ̀ mọ́ ihò tí ohùn ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà. Sọ́fítíwíà kan wà tí ń jẹ́ Audacity. Òun ni yóò gba ohùn náà sílẹ̀. Kí a má ṣe jẹ́ kí rédíò ké jù, nítorí ohùn tí ó bá ti fọ́ nígbà tí a ń gbà á sílẹ̀ kì í ṣeé tún ṣe mọ́. Bí ó bá parí, kí a kọ orúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ibi tí ó ti sọ ọ́ àti ọdún tí ó sọ ọ́ mọ́ ọn. Ohùn tí kò ní orúkọ dà bí òkú tí kò ní ẹbí.

Ẹ wo bí ẹrù náà ti fúyẹ́ tó. Wáàsí wákàtí kan, bí a bá tọ́jú rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó tó fún ọ̀rọ̀ ẹnu, kò ju nǹkan bíi mégábáìtì 29 lọ. Mẹ́mọ́rì káàdì kan ṣoṣo tí ó jẹ́ gígábáìtì 32, tí kò tóbi ju èékánná lọ, lè gba èyí tí ó lé ní wákàtí 1,000.

Ewé inú àgbo

Audacity kì í ṣe ọjà àdábọwọ́ ẹnìkan. Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1999, a sì gbé e jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 2000. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba. Gbogbo sọ́fítíwíà ni ó ní àkọsílẹ̀, èyíinì ni àwọn àṣẹ tí àwọn tí ó ṣe é kọ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé. Àwọn kan a máa fi tiwọn pamọ́, àwọn mìíràn a máa fi tiwọn han ẹni tí ó bá fẹ́ kà á.

Àgbo ni a lè fi ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ẹni tí ó ra àgbo nínú ìgò mu ún, kò mọ ewé tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a ka àwọn ewé náà fún lè sè é nílé ara rẹ̀, ó lè yọ èyí tí kò bá ara rẹ̀ mu, ó sì lè kọ́ aládùúgbò rẹ̀. Richard Stallman ni ó kéde iṣẹ́ GNU ní ọdún 1983 kí kọ̀ǹpútà má baà di ìgò àgbo tí ẹnikẹ́ni kò mọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, gbé Linux jáde. Fóònù Android tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, orí Linux náà ni ó dúró lé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ àwọn àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni èyí. VLC tí ọ̀pọ̀ ń fi wo fídíò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ École Centrale ní Paris ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1996. Wọ́n ń wá ọ̀nà tí àwòrán tẹlifíṣàn yóò fi máa gba orí wáyà kọ̀ǹpútà dé yàrá tí wọ́n ń gbé. Ní ọdún 2001, a fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ lé gbogbo ayé lọ́wọ́. Ìbògún náà ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, nítorí ibẹ̀ ni Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ fi ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Ohun tí ọ̀dọ́ ṣe ní Paris, ọ̀dọ́ lè ṣe é ní Ìbògún.

Àlejò tí a kò pè

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ẹni ni a ti í jẹ èkúté onídodo. Ohun tí ó jẹ́ ti inú ilé, inú ilé ni ó yẹ kí ó mọ sí. Súúrà An-Nūr pàápàá kọ́ Mùsùlùmí pé kí ó tọrọ àyè kí ó tó wọ ilé onílé. Ṣùgbọ́n àlejò kan ti wà nínú ilé báyìí tí kì í kan ilẹ̀kùn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ Motherboard tú àṣírí kan. Ó ní Muslim Pro, áàpù tí àìmọye Mùsùlùmí fi ń mọ àkókò ìrun àti ibi tí Kíbúlà wà, ń fi ibi tí àwọn tí ń lò ó wà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ X-Mode, àti pé X-Mode ń ta irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe, tí ó sì ti ọwọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ ológun Amẹ́ríkà. Nígbà tí ariwo ta, Muslim Pro kéde pé òun ti fòpin sí àjọṣe náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àjọ tí ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ òwò ní Amẹ́ríkà fòfin de ilé-iṣẹ́ tí X-Mode ti dà, pé kò gbọ́dọ̀ ta ìsọfúnni nípa àwọn ibi ẹlẹgẹ́ tí ènìyàn ń lọ mọ́. Ẹni tí ń wá ọ̀nà láti kírun ni wọ́n ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ti ilé tún wà. Àwọn áàpù kan tí ń yá ènìyàn lówó lórí fóònù a máa kó gbogbo nọ́ńbà tí ó wà nínú fóònù olúwarẹ̀. Bí ọjọ́ ìsanwó bá kọjá, wọn a kọ̀wé sí àna rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, àti sí àwọn ẹbí rẹ̀ pé olè ni. Àṣejù yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, fi ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà ní oṣù kẹta ọdún 2022. Orí gbèsè kékeré ni a ti ba orúkọ ìdílé jẹ́.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 37 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, ìwé tí ó ń kọ sí ènìyàn àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí tẹlifóònù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu sì fọwọ́ sí òfin tí ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó dé kóòtù, ẹ̀tẹ́ ti dé ilé.

Ohun tí ojú púpọ̀ ń ṣọ́

Ní ọdún 2021, Audacity bọ́ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Láìpẹ́, a gbé àbá kan dìde pé kí sọ́fítíwíà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìròyìn nípa bí a ṣe ń lò ó ránṣẹ́ síta. Nítorí pé gbangba ni àkọsílẹ̀ náà wà, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà rí i kí ó tó wọ inú ọjà. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, a sì pa àbá náà tì nínú oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà.

Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì wé ara wọn. Nínú ti áàpù ìrun, lẹ́yìn tí ìsọfúnni ti jáde ni a tó gbọ́. Nínú ti Audacity, kí olè tó wọlé ni ajá ti gbó. Kì í ṣe pé àwọn kan jẹ́ mọlẹ́bí mímọ́ tí àwọn kan sì jẹ́ ẹni ibi. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ọ̀kan ṣeé tú wò, èkejì kò ṣeé tú wò.

Ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan lè ṣe

Èkíní, kí olúwarẹ̀ yẹ fóònù rẹ̀ wò. Kí ni áàpù tí ń tan iná tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi nọ́ńbà àwọn ẹbí ṣe? Ibi tí a ti lè gba àyè náà kúrò wà nínú ètò fóònù. Àkókò ìrun pàápàá, ìrìn oòrùn ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Fóònù lè ṣe é fúnra rẹ̀ láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, ladáànì sì wà nítòsí.

Èkejì, kí ó mọ ibi tí ààbò mọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń fi àmì àṣírí bo ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ dé ọwọ́ ẹni tí yóò gbà á, nípa ìlànà tí a mú láti ara Signal, tí àkọsílẹ̀ tirẹ̀ wà ní gbangba. Ṣùgbọ́n àmì àṣírí kò dí ojú ẹni tí ó gbé fóònù náà lọ́wọ́. Nítorí náà, kí fóònù ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí.

Ẹ̀kẹta, kí ilé ní àká tirẹ̀. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí bọ́tìnì rẹ̀ ti ń yọ lè di ilé-ìkówèésí ìdílé. Jellyfin, sọ́fítíwíà tí a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2018, yóò to wáàsí, fídíò ìgbéyàwó àti àwòrán sí ìlà, kí gbogbo fóònù inú ilé lè máa wò ó láti ara ráútà kékeré kan. Kiwix sì lè gbé odindi ìwé ìmọ̀ Wikipedia wá sínú ilé fún àwọn ọmọ. Kò ní jẹ dátà, nítorí ohun gbogbo ti wà nílé; bí iná bá sì lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù yóò gbé e díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀dà má ṣe jẹ́ ẹyọ kan. Kí ọ̀kan wà ní Ìbògún, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ọmọ tí ń gbé ní Mowe tàbí Èkó. Iná, omi àti olè kì í sábà bẹ ilé méjì wò ní ọjọ́ kan náà.

Ìkìlọ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi gbangba pe olè. Sọ́fítíwíà tí oníṣẹ́ rẹ̀ yọ̀ǹda yàtọ̀ sí èyí tí a já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí a ń tà ní ojú pópó. Irú èkejì yìí ni àwọn jàgùdà ń fi kòkòrò sí nínú. Fíìmù àti wáàsí náà ní ẹni tí ó ni wọ́n. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022 wà, àmọ́ kí òfin tó dé ni ó ti yẹ kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ àfáà tí a fẹ́ pín ohùn rẹ̀ kiri.

Bákan náà, kí ọkọ má ṣe sọ ìmọ̀ yìí di ohun tí yóò fi máa tú fóònù aya rẹ̀ lóru, kí aya má sì ṣe fi tú ti ọkọ. Ẹni tí kò fẹ́ kí àjèjì ṣọ́ òun, kò yẹ kí ó di amí nínú ilé ara rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá dé ilé lónìí, ẹ gbé àpótí kásẹ́ẹ̀tì yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú wáyà wá, ẹ jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n máa sọ ẹni tí ó ni ohùn kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń gbà á sílẹ̀. Àgbà ni ó mọ orúkọ, ọmọdé ni ó mọ ẹ̀rọ. Bí ọ̀kan bá yọ ọwọ́, iṣẹ́ náà kò ní parí.

Kí Ọlọ́hun bo àṣírí gbogbo ilé, kí Ó sì má ṣe jẹ́ kí ohùn rere àwọn òbí parẹ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Àmín.