Ìwé Ìwádìí Lórí Àìgbọ́ra-ẹni-yé Láàrin Ẹ̀yà



Àwọn ọmọ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì a máa wá ọ̀ràn yìí kiri nínú ìwé òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Láti ìgbà tí a ti dá Nigerdock sílẹ̀ ní Snake Island ní 1986, onírúurú ẹ̀yà ni iṣẹ́ ti kó jọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ajégúnlẹ̀ rí.

Yorùbá ń fi ‘ẹ’ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Èdè Ìgbò kò ní irú rẹ̀. Bí Ìgbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè wa bá bi àgbà pé, ‘Ṣé o jí dáadáa?’, àgbà a ní ó rí òun fín, nígbà tí onítọ̀hún rò pé òun kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Nítorí náà, a gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú: ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ọ́. Ẹ bi ẹni tí ó sọ ọ́ léèrè ohun tí ó ní lọ́kàn. Ẹ bi ẹni tí ó gbọ́ ọ léèrè ohun tí ó yé e. A gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ìwé tí ó gbọ́ tẹnu Yorùbá nìkan yóò pe àìmọ̀ ní àfojúdi, ìjà ni yóò sì dá sílẹ̀ láàrin àwọn aládùúgbò.