Ọ̀rọ̀ Ni Ìpìlẹ̀ Ijó: Àgbéyẹ̀wò Húlà Àwọn Ará Hàwáì



Bí a bá dárúkọ húlà, obìnrin tí ó ń mi ìdí létí òkun fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ni ó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Mo fẹ́ ta ko èrò yìí. Ní tèmi, ewì ni húlà kí ó tó di ijó. Mele ni wọ́n ń pe ewì náà. Ọwọ́ oníjó ni ó sì ń ya àwòrán ohun tí ẹnu akéwì ń sọ: òjò, ìgbì òkun, òdòdó, tàbí òkè oníná tí í ṣe ibùgbé Pele, òrìṣà iná wọn.

Igi àgbọn ni wọ́n sábà máa ń fi gbẹ́ ìlù pahu, awọ ẹja àkùràkudà ni wọ́n sì ń fi bò ó. Ipu heke ni akèrègbè méjì tí a lẹ̀ pọ̀, tí onílù ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù, tí ó sì ń gbé lu ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìlù wọ̀nyí ń fọhùn bí dùndún tiwa. Èdè Hàwáì kì í ṣe èdè olóhùn. Ẹnu ènìyàn nìkan ni ó lè sọ ọ̀rọ̀ inú mele. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ní ọdún 1830, Kaʻahumanu, ayaba tí ó ti di onígbàgbọ́, fi òfin de húlà ní gbangba. Ijó náà sá lọ sí ìgbèríko. Nígbà tí wọ́n dé ọba Kalākaua ládé ní ọdún 1883, ó pe àwọn oníjó padà. Ṣùgbọ́n nítorí ìwé ètò tí a tẹ orúkọ àwọn mele sí, a gbé àwọn tí ó lọ́wọ́ sí títẹ̀ ẹ́ lọ sí kóòtù pé ọ̀rọ̀ rírùn wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé mele ní ìtumọ̀ abẹ́nú tí wọ́n ń pè ní kaona. Ẹnì kan gbọ́ òjò, òjò ni; ẹlòmíràn gbọ́ olólùfẹ́ nínú òjò kan náà. Adájọ́ wo ni yóò dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, òfin ọdún 1896 ni mo kà sí èyí tí ó burú jù. Wọ́n ti gba ìjọba lọ́wọ́ ọbabìnrin Liliʻuokalani ní ọdún 1893. Òfin náà wá sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìkọ́ni ní gbogbo ilé-ìwé. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ oníjó ti ń kọ́ ìjuwọ́ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ń sọ. Ìdíje húlà bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Hilo ní ọdún 1971, nínú ọdún tí a fi ń rántí Kalākaua. Òfin ìpínlẹ̀ ọdún 1978 sì sọ èdè Hàwáì di èdè ìjọba pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1984, wọ́n ṣí ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kan ní erékùṣù Kauaʻi, níbi tí ó jẹ́ pé èdè Hàwáì nìkan ni wọ́n ń sọ. Pūnana Leo ni wọ́n pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí Ìtẹ́ Ohùn.