Ohùn Dùùrù Àtijọ́ àti Iná Mànàmáná
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ akọrin sọ ní àkókò Júbílì)

 

Àwọn kan a máa wí pé bí a bá ti fa iná mànàmáná sínú dùùrù àtijọ́, a ti pa á nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ mú yín dé ìlú Paris, sí ilé Ìyá Wa, Notre-Dame.

Aristide Cavaillé-Coll ni ó tún dùùrù ńlá ibẹ̀ kọ́, tí a sì ṣí i ní ọdún 1868. Kò kó gbogbo fèrè tí ó bá níbẹ̀ dànù. Òmíràn nínú wọn ti wà ṣáájú ọdún 1789. Lónìí, àwọn fèrè náà tó nǹkan bí 8,000. Ní ayé ìgbà náà, ènìyàn ni ń tẹ ẹwìrì, bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń ṣe, kí afẹ́fẹ́ má bàa tán láàárín Glória. (Ẹni tí ó bá ti tẹ dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ rí mọ bí orúnkún ti ń rí kí Mísà tó parí.) Ní 1924 ni ẹ̀rọ iná gba iṣẹ́ ẹwìrì. Síbẹ̀ dùùrù ń fẹ́ àtúnṣe, owó kò sì sí. Louis Vierne, atẹdùùrù tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, rékọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà ní 1927, ó ń tẹ dùùrù kiri láti wá owó náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àpò ọrẹ Júbílì kiri, ẹ ti rí ẹnìkejì yín.

Ní àwọn ọdún 1960, ní ìgbà Pierre Cochereau, a yọ àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń gbé iṣẹ́ ìka dé ìdí fèrè, a sì fi wáyà rọ́pò wọn. Ìka tẹ̀, iná sáré gba inú wáyà, irin di òòfà, ilẹ̀kùn kékeré ṣí, afẹ́fẹ́ sì wọ inú fèrè. Ẹ kíyè sí i pé ìránṣẹ́ ni iná jẹ́ níbẹ̀. Ohùn ṣì wà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ àti fèrè.

Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ yìí a máa tètè gbó. Ní 1992 a fi kọ̀ǹpútà sí i. Kí ọdún 2015 tó wọlé, a ti pààrọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fèrè àtijọ́ ṣì ń dún. Ní tèmi, ìjọ tí ó bá fẹ́ fa iná sí dùùrù rẹ̀, kí ó ti ya owó wáyà mìíràn sọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ó má sì jẹ́ kí oníṣẹ́ kankan ṣàdédé fi ayùn kan ẹnu fèrè.

Iná mìíràn tún dé, kì í ṣe ti inú wáyà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 2019, òrùlé ilé náà jóná. Dùùrù kò jó, ṣùgbọ́n eruku òjé bò ó. Wọ́n tú u, wọ́n nù ún, wọ́n tò ó padà, wọ́n sì ń tún ohùn àwọn fèrè ṣe lóru, nígbà tí ariwo àwọn oníṣẹ́ yòókù bá rọlẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2024, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Laurent Ulrich ké pe dùùrù náà nígbà mẹ́jọ pé kí ó jí, ó sì dá a lóhùn nígbà mẹ́jọ.