Ẹ̀yìn Ríro: Ẹ Má Fi Oògùn Pamọ́ fún Dókítà
Ẹ̀yin ará, kí ẹni tí ẹ̀yìn ti ń ro ju oṣù mẹ́ta lọ kó gbogbo oògùn tí ó ń lò dání lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ring Road, Ìbàdàn. Bí eré ìdárayá kò bá ràn án, àwọn onímọ̀ ìrora lè fi abẹ́rẹ́ gbígbóná jó iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Ṣùgbọ́n iṣan náà a máa hù padà, ìrora sì lè tún dé. Àwọn mìíràn a máa fi fítámì E kún un. Ẹ̀rí pé ó ń ran abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ kò tíì tó. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè má tètè dá. Ẹni tí ó bá fi oògùn pamọ́ fún dókítà, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ.