Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yábàá



Ní ayé àwọn baba ńlá, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Èkó ni kò jẹ́ kí ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé, nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò sọ wọ́n di onígbàgbọ́. Kí ìjọba tó dá ilé-ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1896, iṣẹ́ akọ̀wé ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, ṣe gudugudu méje láti dí àlàfo náà.

Lónìí, ìbẹ̀rù náà ti lọ, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ń dá ọmọ dúró. Ọmọ a parí ilé-ìwé girama, a ṣe ìdánwò JAMB, yunifásítì kò gbà á. A tún un ṣe lọ́dún kejì, a tún un ṣe lọ́dún kẹta, ọjọ́ orí sì ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá, tí ìdánwò JAMB kan náà ń gbani wọ̀. Láti Ìdúmọ̀tà, a lè gba orí afárá Carter àti Èbúté Mẹ́tta dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kan a ní, "Pólì lásán nìyẹn."

Kì í ṣe lásán. Ní 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 1963 ni ó di Yaba College of Technology. Ọmọ Erékùṣù Èkó ni Yusuf Grillo, ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn, tí wọ́n bí ní 1934 ní àdúgbò àwọn Àgùdà. Òun ni ó ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti ìtẹ̀wé níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Wọ́n ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, iná mànàmáná, ilé kíkọ́, ìṣirò owó, ìtẹ̀wé, aṣọ rírán àti ìmọ̀ oúnjẹ. Ọdún méjì ni ti ND. Lẹ́yìn rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ a lọ fi ọdún kan ṣiṣẹ́, kí ó tó padà wá fi ọdún méjì gba HND. Ẹni tí ND rẹ̀ bá dára lè gba ibẹ̀ wọ yunifásítì láìbẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìn-ín-ní.

Òtítọ́ kò ṣeé fi pamọ́: àwọn agbanisíṣẹ́ kan ṣì ń fi HND sẹ́yìn dìgírì. Èyí kò tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ lè dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sílé ń retí kò ní nǹkan kan láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ti owó, òfin ọdún 2024 fàyè gba akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba láti yá owó ẹ̀kọ́ láìsí èlé. Èyí ṣe pàtàkì fún Mùsùlùmí tí ó ń sá fún ríbà. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ìwé náà fún. Ṣùgbọ́n gbèsè ni. Ó di dandan kí a san án.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi orúkọ yunifásítì dá ọmọ dúró. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ Yábàá sínú fọ́ọ̀mù yín. Àwọn baba ńlá ṣe àṣìṣe ti ìgbà wọn. Kí ìran yìí má ṣe tirẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó ṣàǹfààní kẹ́ wa. Àmín.